Ojú Ìdè Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wò

Bí iná ínfátà kò bá tọ́jọ́ mọ́, bátìrì ni gbogbo ilé máa ń di ẹ̀bi rù. "Ẹ̀ńjíníà, bátìrì yìí ti kú o, ẹ bá wa wá òmíràn." Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ínfátà n'Ìbàdàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti Bódìjà títí dé Òkè-Àdó. Lóòótọ́, bátìrì máa ń kú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n parọ́ mọ́ nínú wọn kò kéré, wíwá ohun tó jẹ̀bi gan-an rí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mítà ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á fi mítà kan orí bátìrì, á ka fólítì 12.6. Wọ́n á fi kan ẹnu ínfátà, iye kan náà ni. Ó parí, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe wáyà. Wọ́n á tan fírísà báyìí, ínfátà á han, á sì kú fin-ín. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Iná tí mítà ń fà kò tó nǹkan rárá; bí kébù tó nípọn bí ọmọ ìka bá já tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, fọ́nrán yẹn á tó mítà í lò. Fírísà ni kò ní í tó. Ohun tí mítà bá kà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo iná, n kì í dájọ́ lé e lórí. Mo gbọ́dọ̀ gbé lóòdù, ìyẹn ohun tó ń lo iná bíi fírísà, lé e ná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé kan ń lo wáàtì 1,000 lórí bátìrì méjì tí a so di fólítì 24. Iná tó ń gba inú kébù kọjá á tó áńpù 45, nítorí ínfátà náà ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ká ní lọ́ọ̀gì ẹyọ kan, ìyẹn irin ẹnu kébù tí wọ́n ń dè mọ́ bátìrì, kò fún, tàbí eruku funfun tó máa ń ṣù sórí bátìrì ti há sáàárín, tí ìdènà ibẹ̀ kò ju 0.02 óòmù lọ. Georg Ohm, ará Jámánì, ti fi ìṣirò rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láti 1827: 45 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.9. Fólítì 0.9 ti run sí ojú ìdè kan ṣoṣo! Ooru ló dà, ó sì tó wáàtì 40, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé. Ibẹ̀ ni rọ́bà ara kébù ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ínfátà sì ń rò pé bátìrì ti gbẹ.

Nítorí náà, bí lóòdù bá ti wà lórí rẹ̀, màá fi ẹnu mítà kan lé orí òjé bátìrì fúnra rẹ̀, màá fi èkejì lé ara lọ́ọ̀gì tí wọ́n dè mọ́ ọn. Bí ìdè náà bá dára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka nǹkan kan. Bó bá ka 0.5, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Màá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fíúsì, màá kọjá sí suwíìṣì, màá wọn kébù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí mo bá ro gbogbo àdánù kéékèèké wọ̀nyí pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ohun tó sọnù láàárín bátìrì àti ínfátà mu. Ìgbà tí ìṣirò yẹn bá bára mu, inú mi máa ń dùn ju ìgbà tí wọ́n ń sanwó fún mi lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fọwọ́ kan nǹkan títí á fi béèrè pé kí lẹ tàn nígbà tó kú, ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, òórùn wo lẹ gbọ́. Bátìrì olómi tí wọ́n ń gba iná sí láṣejù máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò sì gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan wọ òrùka tàbí aago onírin dé ìdí bátìrì, torí bí irin bá kan orí méjèèjì, ẹran ìka ló máa jó.

Bó bá wá jẹ́ pé bátìrì ló jẹ̀bi, ó lójú tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì tí a so pọ̀ ń gba iná, ínfátà rí fólítì 28.8, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà ní 15.4, èkejì ní 13.4. Ọ̀kan ti ń jìyà omi, èkejì kò yó rí. Màá ṣí ìdérí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, màá fi haidirómítà wo ásíìdì inú wọn. Yàrá tí ìwúwo ásíìdì rẹ̀ bá fi bíi 0.050 rẹlẹ̀ sí ti àwọn yòókù ti ń ṣàìsàn. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ máa bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, ẹ má sì jẹ́ kí omi gbẹ dé ibi tí àwo òjé ti hàn síta.

Bátìrì líthíọ̀mù náà ti dé báyìí. Fólítì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ iye iná tó kù, ìgbà mìíràn sì wà tí á ka òdo lásán, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ra; bí a bá gba iná sí i, á jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú gbé e jù nù.

Ìdílé kan ti ra bátìrì tuntun kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iná ṣì ń kú. Òòlù ni wọ́n fi tẹ lọ́ọ̀gì mọ́ kébù wọn. Mo gé e kúrò, mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ tuntun sí i, mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú lóòdù, àdánù rẹ̀ ti wálẹ̀ dé 0.01. Tí ẹ bá pe oníṣẹ́ wá, tó ní kí ẹ lọ ra bátìrì, ẹ ní kó tan fírísà ná, kó sì fi mítà hàn yín lójú ìdè kọ̀ọ̀kan.