Fótò Tó Padà Sára Igi

Tí mo bá ti pe emulsion lẹ́nu, ọ̀dà ara ògiri ló máa ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn. N kì í bá wọn jiyàn, torí ohun tí èmi náà ń ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ akunlé: búrọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ mi, nǹkan ni mo sì ń kùn. Àmọ́ inú òkùnkùn ni mo ti ń kùn ún, lábẹ́ gílóòbù pupa kan ṣoṣo, ohun tí mo bá sì kùn á di ohun tó ń gba àwòrán sára. Fàdákà tí wọ́n ti sọ di iyọ̀, tí wọ́n wá pò mọ́ jẹ́látìn, ló wà nínú ìgò mi. Òun náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ́ sójú pépà fótò nílé iṣẹ́. Ẹni tó bá ra pépà, ilé iṣẹ́ ti bá a yan ibi tí fótò rẹ̀ máa jókòó sí. Ẹni tó bá ra ìgò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kù sí: ó lè jẹ́ pákó, òkúta, aṣọ, àwo amọ̀ tàbí dígí.

Ara awọ àti egungun màlúù ni wọ́n ti ń rí jẹ́látìn. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí, tó gbé ìkòkò sílẹ̀ di òwúrọ̀, ti rí bó ṣe ń dì. Dókítà ará England kan, Richard Leach Maddox, ló kọ ọ́ jáde ní 1871 pé jẹ́látìn lè gbé iyọ̀ fàdákà dúró sójú dígí. Òórùn ether inú ohun tí wọ́n ń lò ṣáájú jẹ́látìn ló ń da ìlera rẹ̀ láàmú. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ti Samuel Sheppard ní Kodak. Ní àwọn ọdún 1920, ó rí i pé èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú, irú èyí tó wà nínú ewéko mọ́sítáàdì, ló ń mú kí fàdákà inú jẹ́látìn tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára. Ewéko tí màlúù jẹ ní pápá ló gba ara rẹ̀ dé inú fótò! N kì í ṣí ìgò kí n má rántí èyí.

Tí ìgò bá tutù, ohun inú rẹ̀ á dì bí ẹ̀kọ. Inú omi tó gbóná níwọ̀nba, bíi 40°C, ni mo máa ń gbé e sí títí á fi yọ́. Mi ò gbọdọ̀ mì ín pọ̀, torí tó bá ti hó, ibi tó ti hó á di ihò lójú àwòrán. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi irin dè lọ́rùn kò dára fún un. Irin lè fi àmì sílẹ̀ nínú fàdákà. Mo máa ń kùn ún lóòró, màá dúró kó gbẹ díẹ̀, màá tún kùn ún ní ìbú. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá fò, àwòrán náà á fò ó. Ìdí nìyí tí fótò méjì láti ara nẹ́gẹ́tíìfù kan náà kì í fi í jọra tán.

Àwọn ará ìlú òtútù ló kọ ìwé ìtọ́ni rẹ̀. 20°C ni wọ́n ní kí omi tí a fi ń fọ àwòrán jẹ́. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta, omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ mi sún mọ́ 30, jẹ́látìn á wú nínú rẹ̀, á sì bó bí awọ tòmátì tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fojú ara mi rí ojú ọmọ kan tó ṣí kúrò lára òkúta, tó ń léfòó nínú abọ́, tojú timú tẹnu. Ó pẹ́ kí n tó dìde níbi tí mo jókòó sí nínú òkùnkùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní báyìí, aago kan òru ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo máa ń fi yìnyín inú ọ̀rá yí abọ́ ká. Fún oògùn tó ń mú àwòrán dúró, fíṣà tó ní álọ́ọ̀mù ni mo ń lò, torí álọ́ọ̀mù, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù kí omi lè tòrò, máa ń mú jẹ́látìn le.

Àwọn kan rò pé ẹ̀dà lásán ni yàrá òkùnkùn ń ṣe. N kò gbà. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ fún fótò irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní iléeṣẹ́ ètò ìròyìn ni ní Ìbàdàn níbí ní 1954. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1978 pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ayàfótò ní Ìlá Ọ̀ràngún máa ń tẹ fótò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Kí fótò tó dé, igi la máa ń gbẹ́ ní ère fún ìbejì tó lọ. Fótò wá gbapò igi. Èmi, pẹ̀lú ìgò mi, ń dá fótò padà sára igi, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́: ara ohun tí ọwọ́ èèyàn ti kàn gbó.

Àpótí tí ìyá mi fi jókòó dín àkàrà fún ọdún 21 ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi afárá ni. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo pinnu láti tẹ fótò wọn sójú rẹ̀. Mo fi sáńpépà ha á títí ojú igi fi mọ́, mo fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí emulsion má bàa rì wọnú igi. Lápá ọ̀tún, emulsion kò dúró. Òróró ti wọ ibẹ̀ jù, ó ń lé e sẹ́yìn bí ewé kókò ṣe ń lé omi. Mo tún un kùn, ó tún sá.

Àpótí ga ju pépà lọ, torí náà mo gbé orí ènlájà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán inú nẹ́gẹ́tíìfù sílẹ̀, sókè. Lẹ́yìn ìdánwò mẹ́rin lórí pélébé pákó, ìṣẹ́jú àáyá 22 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí abọ́ tó gba àpótí, fóòmù ni mo fi ń ta dẹfẹ́lọ́pà, oògùn tó ń mú àwòrán yọ, sí i lójú. Gèlè aró tí wọ́n wé ló kọ́kọ́ yọ, ẹyinjú tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn, fíṣà á fọ fàdákà ibẹ̀ lọ, àwọ̀ igi ló máa kù. Funfun ojú ìyá mi, igi ni.

Èjìká wọn lápá ọ̀tún kò yọ rárá. Òfìfo tó tó àtẹ́lẹwọ́ ló wà níbẹ̀, títí dé etí àpótí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e síta, mo po ọ̀dà dúdú díẹ̀ láti fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ dí i. Àbúrò mi obìnrin wọlé, ó wò ó títí, ó wá gbé ọwọ́ lé ibi tó ṣófo náà.

“Bọ̀dá mi, ibi tí Màámi máa ń nu ọwọ́ sí kí wọ́n tó gba owó nìyí.”

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.