Ta Ni Yóò Gbé Igbá fún Agbégbá? Òmìnira, Aṣojú àti Apàṣẹwàá nínú Baṣọ̀run Gáà àti Ṣaworoidẹ

Ìfáárà

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà dé sí ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìbéèrè kan ti ń jẹ yọ lẹ́nu àwọn tí ojú wọn tó ìgbà ológun: kí ni ìyàtọ̀ gan-an tí ó wà láàrin ìjọba méjèèjì? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ní gbangba pé ó sàn kí ẹnì kan ṣoṣo máa jẹ ìlú ju kí ọ̀pọ̀ aṣojú máa jẹ ẹ́ lọ. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ẹni tí ebi ń pa, tí ọlọ́pàá sì ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ìbò tí ó dì ṣe fún un.

Iṣẹ́ méjì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá wúlò púpọ̀ fún ìbéèrè náà. Àkọ́kọ́ ni eré-onítàn Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Èkejì ni fíìmù Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, èyí tí ó jáde ní ọdún 1999 gan-an. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni ó máa ń ka méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ fún olórí búburú. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò jìn tó. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iye ènìyàn tí ó ń ṣèjọba, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, kọ́ ni àwọn iṣẹ́ náà fi ń wọn òmìnira. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni bóyá ẹni tí a ń ṣàkóso lè kọ̀, kí ó sì wà láàyè lẹ́yìn tí ó ti kọ̀.

Aṣojú tí ó di apàṣẹwàá

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, orúkọ Gáà ti di orúkọ fún ìkà ènìyàn. Ìyẹn mú kí ó rọrùn láti gbàgbé ipò tí ó wà. Gáà kì í ṣe ọba. Òun ni Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí wọ́n dúró fún àwọn ìdílé ńláńlá ní olú-ìlú, tí iṣẹ́ wọn sì ni láti yan Aláàfin àti láti dí i lọ́wọ́ bí ó bá fẹ́ ṣi agbára lò. Bí ọba bá di ẹni tí ìlú kò fẹ́ mọ́, ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Kò sí ohun tí ó kù fún ọba bẹ́ẹ̀ ju kí ó sùn lọ. Bí a bá ń wá ohun tí ó súnmọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú jù lọ nínú ètò ìṣèlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti yọ. Láàrin nǹkan bí ogún ọdún, Gáà lo ẹ̀tọ́ ìkọ̀ tí ó jẹ́ ti ìlú gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ara rẹ̀. Ìtàn sọ pé Awónbíojú kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un, ìyẹn ni ó sì gbé ọba náà lọ. Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a dá sílẹ̀ kí ọba má baà di apàṣẹwàá ni ó bí apàṣẹwàá mìíràn, ọ̀ràn tirẹ̀ sì burú ju ti ọba lọ, nítorí pé kò sí igbá kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Gáà ni ó ń gbé igbá fún ọba. Ta ni yóò gbé igbá fún Gáà?

Fálétí mú ìbéèrè yìí dé góńgó nínú ọ̀rọ̀ Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún. Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi ṣe ètùtù. Nígbà tí a kò rí ẹran náà, ọmọ ọba tí orúkọ rẹ̀ dún mọ́ tirẹ̀ ni a mú pa. Àwọn kan lè rí i gẹ́gẹ́ bí ìwà òǹrorò lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń sọ nípa agbára. Nínú ìlú tí òfin ti wà, orúkọ ènìyàn ń dáàbò bò ó. Ó ń sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́ àti ẹ̀tọ́ tí ó ní. Lábẹ́ Gáà, orúkọ náà ni ó di ẹ̀sùn. Aláṣẹ ni ó ń pinnu ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí, kò sì sí ẹni tí bàbá ọmọ lè lọ fẹjọ́ sùn, nítorí pé ẹni tí à ń fẹjọ́ ọba sùn ni ó ṣẹ ọba.

Ó yẹ kí á kíyèsí ọ̀nà tí ìdáǹdè gbà dé. Láti inú Ọ̀yọ́ Mèsì kọ́ ni ó ti wá. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun láti ẹ̀yìn odi, pẹ̀lú Ọ̀yalàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni Abíọ́dún fi ṣẹ́gun ní ọdún 1774. Ogun ni ó yọ Gáà, agbára sì padà sí ọwọ́ ẹnì kan. Eré náà parí pẹ̀lú ìdùnnú, ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún ní 1789, ìjà agbára tún bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Awólẹ̀, Àfọ̀njá ya kúrò ní Ìlọrin, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. A lè fi ẹ̀sùn kan eré náà níhìn-ín: ó mú kí ó dà bí ẹni pé ọba rere ni òògùn aṣojú búburú. Olùwòran ń fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé Gáà ti kú, láìbéèrè bóyá ìlú ti ṣe igbá tuntun fún ẹni tí yóò tún dà bí Gáà.

Ìbúra tí ó ń jà àti ìbúra tí kì í jà

Ìṣọ̀lá gba ọ̀nà mìíràn. Ní Jogbo, májẹ̀mú wà láàrin ọba àti ìlú, ìlù ṣaworoidẹ àti adé ni ó sì ń ṣọ́ májẹ̀mú náà. Ọba tí kò bá búra, tí ó sì dé adé, ìlù yìí ni yóò pa á bí a bá lù ú. Lápité mọ̀ pé ìbúra náà kò ní jẹ́ kí òun ráyè kó ọrọ̀ jọ, ó sì fi ìbọn kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó búra. Láti ọjọ́ náà lọ, ọba àti àwọn ìjòyè ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, igbó ìlú sì ń tán. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fárígá, ológun tí a pè láti wá paná ọ̀tẹ̀ ni ó gba ìjọba. Lágàta náà gbé adé lérí láìbúra, ìlù sì dá ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ka ìyípadà láti ọwọ́ Lápité sí ọwọ́ Lágàta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin ọba tí a fi jẹ àti ológun tí ó fi ara rẹ̀ jẹ. Kíkà yìí fojú fo ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Lápité ti di apàṣẹwàá kí ológun tó dé; ìbọn ti wọ ààfin láti ọjọ́ tí ó ti kọ ìbúra. Ohun tí fíìmù náà ń sọ ni pé aláṣẹ tí a yàn bí ó ti tọ́, tí ó wá sọ ara rẹ̀ di ẹni tí a kò lè bi léèrè, ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní béèrè kí ó tó wọlé.

Nǹkan kan wà tí Ìṣọ̀lá fi ta ayé òde òní yọ. Lápité bẹ̀rù ìbúra nítorí pé ó mọ̀ pé ó ń jà. Ní Nàìjíríà, gbogbo ààrẹ àti gómìnà ni ó ń búra ní gbangba, ọ̀rọ̀ ìbúra wọn sì wà nínú ìwé òfin ọdún 1999. Kò sí ẹni tí ó ń fi ìbọn kọ̀ ọ́, nítorí pé abala 308 nínú ìwé òfin kan náà kò jẹ́ kí a pe wọ́n lẹ́jọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lórí oyè. Ìbúra tí kò lè jani kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Síbẹ̀, fíìmù náà ní àléébù tirẹ̀. Ó gbé òmìnira Jogbo sínú ìlù kan, ó sì fi ìlù náà sọ́wọ́ ìdílé Àyàn. Àwọn ọ̀dọ́ jà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìlù ni ó parí ìjà fún wọn. Bí a bá jí ìlù gbé ńkọ́? Bí onílù bá gba owó ńkọ́? Agogo Èèwọ̀, fíìmù tí ó tẹ̀ lé e ní 2002, tún gba ọ̀nà kan náà: nígbà tí ìjòyè bá jalè, ohun ìbúra ni a fi ń wádìí rẹ̀. Ìlú tí ó bá ń dúró de ohun tí yóò jà fún un kò tíì mọ bí a ti ń jà.

Ohun tí ìtàn òde òní fi kún un

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo Nàìjíríà, ìyàtọ̀ wà, ó sì tóbi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1974, Yakubu Gowon kéde pé ọdún 1976 tí òun dá fún gbígbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Kò sí ilé kan tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìfipágbàjọba oṣù Keje 1975 ni ó yọ ọ́. Ní 1984, Òfin Ológun Kejì jẹ́ kí a ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù, Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian sì lọ sí ẹ̀wọ̀n lábẹ́ Òfin Kẹrin. Ní 1993, a fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, M.K.O. Abíọ́lá sì kú sí àhámọ́ ní 1998.

Nígbà tí àbá wá dìde pé kí a tún ìwé òfin ṣe kí ààrẹ lè lọ fún sáà kẹta, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ni ó sọ ọ́ nù ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006. Ìbọn kò dún. Ní 2015, ìbò yọ ààrẹ tí ó wà lórí oyè, ó sì lọ sílé ní àlàáfíà. Ohun tí Gowon fi ìfipágbàjọba gbọ́, ọwọ́ tí a nà sókè nínú ilé ìgbìmọ̀ ti tó láti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní kò sí ìyàtọ̀ ti gbàgbé iye ẹ̀mí tí ó lọ kí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè nà.

Ṣùgbọ́n igbá náà kò tíì dé ọwọ́ ará ìlú. Ìjọba tí a dìbò yàn ni ó wà lórí oyè nígbà tí àwọn ọmọ ogun pa ìlú Odi run ní oṣù Kọkànlá 1999. Ní 2013, kóòtù dá àwọn ará Odi láre. Lábẹ́ ológun, kóòtù ì bá má lè gbọ́ ẹjọ́ náà rárá. Síbẹ̀, ìdájọ́ tí ó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá kò jí òkú dìde. Abala 69 nínú ìwé òfin sọ pé kí a tó lè pe aṣojú padà, ẹni tí ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ẹkùn rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí a tó tún wá dìbò lórí rẹ̀. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, nǹkan bí ìdá 27 péré nínú 100 àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó dìbò. Bí iye bẹ́ẹ̀ bá jáde ní ẹkùn kan, ìdá díẹ̀ ni aṣojú nílò láti wọlé, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ ni ará ìlú nílò kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Igbá tí a ó fi kọ̀ ọ́ wúwo ju ìbò tí a fi yàn án lọ.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kejì. Àpérò gbogbogbòò ọdún 1990 ní Cotonou gba agbára lọ́wọ́ Mathieu Kérékou láìsí ogun, ìbò ọdún 1991 sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìdìbò aṣòfin. Gbogbo àga 83 ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń ti ààrẹ lẹ́yìn. Ilé wà, aṣojú wà, àpótí ìbò wà. Ẹni tí yóò kọ̀ ni kò sí.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá ka Baṣọ̀run Gáà àti Ṣaworoidẹ pọ̀, wọn kò jẹ́ kí á fi ẹnu lásán yin ìjọba aṣojú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí á ṣàárò apàṣẹwàá. Fálétí fi hàn pé aṣojú tí kò sí ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́ kò yàtọ̀ sí apàṣẹwàá. Ìṣọ̀lá fi hàn pé ìbúra tí kò ní ìjìyà kì í ṣe májẹ̀mú. Ibi tí méjèèjì ti kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n fi ìdáǹdè sọ́wọ́ ọba rere àti ìlù àràmàǹdà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ará ìlú ni ó yẹ kí ó wà.

Nítorí náà, ìjọba aṣojú fúnni ní òmìnira ju ti apàṣẹwàá lọ, níwọ̀n bí ó bá ti fi ọ̀nà sílẹ̀ láti kọ̀ láìtajẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ọ̀nà náà bá ti dí, orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: àìdìbò kì í ṣe ìkọ̀, nítorí pé kò yọ ẹnikẹ́ni nípò. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn òǹkọ̀wé eré Yorùbá báyìí ni láti kọ ìtàn ìlú kan tí ó gbé igbá fún aṣojú rẹ̀ láìdúró de Kakaǹfò, láìdúró de onílù. A kò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀ tó, bóyá nítorí pé a kò tíì rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ tó.