Ìpẹtà àti Dídán: Ẹwà Irin Àtijọ́ Lójú Yorùbá

Ní ọdún 1973 ni R. F. Thompson gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí bí Yorùbá ti ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹnu àwọn Yorùbá fúnra wọn ni ó ti gba àwọn ìlànà tí ó tò síbẹ̀: jíjọra, ìfarahàn, gígún, dídán, ọ̀dọ́ àti àwọn mìíràn. Àwọn ìlànà yìí ti di ohun àkọ́sórí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí olùdánwò bá ti béèrè ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹwà, wọn a dáhùn pé ohun tí ó bá ń dán, tí ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ bí ara ọ̀dọ́ ni. Ìdáhùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n ère igi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a gbé síwájú àwọn tí Thompson fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Bí ó bá jẹ́ irin ńkọ́, pàápàá irin tí ó ti pẹ́ láyé?

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ń ṣe irin bẹ́ẹ̀. Wọn a ní irin dípẹtà, tàbí pé ó dógùn-ún. Ìpáàrà ni àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì lò nínú Mátíù 6:19, níbi tí a ti kìlọ̀ fún ènìyàn nípa ìṣúra ayé. Ó jọ pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti mú un pé ìdíbàjẹ́ nìkan ni ìpẹtà dúró fún. Bí ó bá ti yọjú nínú ewì, “ìbàjẹ́” ni wọn yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. (Ó yẹ kí olùkọ́ tún kìlọ̀ ohun kan: dógùn-ún kì í ṣe Ògún. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni so wọ́n pọ̀ láìní ẹ̀rí, kìkì nítorí pé Ògún ni ó ni irin.)

Òtítọ́ ni pé kò sí àgbẹ̀ tí ń yin àdá tí ó dógùn-ún láti ojú dé ẹ̀yìn. Ọ̀lẹ ni wọn yóò pe ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àdá tí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ dáadáa. Ojú rẹ̀, níbi tí òkúta ìpọ́n ń kàn, ń dán gbinrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹni tí ó fi osùn para. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ni ó fi àwọ̀ náà sí i, àgbẹ̀ kò sì ní fi àkókò ṣòfò láti ha á kúrò. Ojú àdá ń sọ iṣẹ́ òní, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ iye òjò tí ó ti pa á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni Ilé-Ifẹ̀. Òkúta ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ṣùgbọ́n ìṣó irin tí ó ju 100 lọ ni a gbá mọ́ ọn lára, tí a sì tò lọ sókè. Orí àwọn ìṣó náà ká bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí ó bá kà wọ́n sí ọ̀ṣọ́ ní láti bi ara rẹ̀ léèrè irú ọ̀ṣọ́ tí kì í dán. Òkúta náà kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Ìṣó ni ó ń ka ọjọ́ fún un. Irin tí ó dúdú nígbà tí ó kúrò lórí owú ti pupa, ó sì ń padà sí irú àwọ̀ ilẹ̀ tí a ti wa á jáde.

Ojúbọ Ògún ni ó tún la ọ̀rọ̀ náà yé. Epo pupa tí a ń ta sí irin ojúbọ a máa dí ọ̀nà mọ́ omi àti afẹ́fẹ́. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ajá tí a fi bọ ọ́ a sì máa mú kí ó yára dógùn-ún. Àwọ̀ tí ojú ń rí lára irin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìpatì. Ọwọ́ abọrẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà ìlànà dídán kò wó, ṣùgbọ́n agbègbè tí ó ti ń jọba kò kárí gbogbo iṣẹ́ ọnà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè bóyá igi ni tàbí irin.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Ère Picasso tí a ṣí ní Chicago ní 1967 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Irin Cor-Ten ni a fi ṣe é, irú èyí tí ìpẹtà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin, tí ó sì ń dáàbò bò ó. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti yin ìpẹtà tí kò ní pa irin. Irin alágbẹ̀dẹ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà rẹ̀ a máa wú ju irin tí ó jẹ lọ, a sì máa bó bí èèpo, kí omi tún lè rí irin tuntun jẹ. Ẹwà náà ń jẹ ẹni tí ó ni ín.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí ojú ń rí lásán. Àwọn ọ̀pá Ọ̀sanyìn, tí ẹyẹ ńlá kan wà lórí wọn tí àwọn kéékèèké sì yí i ká, wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí nílé àti lókèèrè. Ẹni tí dídán nìkan bá wà lọ́kàn rẹ̀ yóò fẹ́ kí a ha wọ́n títí wọn yóò fi dán. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí irin bá ti pẹ́ gan-an, inú ìpẹtà ni ìrísí tí alágbẹ̀dẹ fún un máa ń ṣẹ́ kù sí: ojú ibi tí owú bà, ìlà ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ha ìpẹtà dànù, ó ha ọwọ́ alágbẹ̀dẹ dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wù ú, ekuru pupa ni yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi gbígbẹ ni wọ́n ń gbé irin náà sí, wọn a mú èyí tí ó ti bó kúrò, wọn a sì dá ìyókù sí. Ní ti ìṣó Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ìta gbangba ni wọ́n wà, òjò Ifẹ̀ kò sì tí ì dáwọ́ dúró.