Àgọ́ Létí Òkun Normandy

Nígbà tí èmi àti ẹbí mi dé Normandy nílẹ̀ Faransé nínú oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ibùdó àgọ́ ló ti ti ilẹ̀kùn. Méjì péré ló ṣẹ́ kù tí a lè yàn nínú wọn. Ọ̀kan wà lókè Omaha, etíkun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ẹ̀jẹ̀ gbà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944. Ìwé ìpolówó rẹ̀ ń fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ yangàn. Kò mẹ́nu ba òkú kankan, bẹ́ẹ̀ ibojì tó lé ní 9,000 ń bẹ ní Colleville nítòsí. Àléébù gbáà nìyẹn lójú tèmi.

Arromanches ni mo fara mọ́, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àgọ́ wa lọ. Nígbà tí òkun fà, àwọn ọmọ rìn dé ìdí àfọ́kù kọnkéré ràgàjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ fà la òkun kọjá láti fi ṣe èbúté. Kò sí èrò. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n dákẹ́. Àbíkẹ́yìn bi mí bóyá ibẹ̀ ni bàbá ńlá wa ti jagun. Mo ní rárá, Bọ́mà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ.

Ó ní, “Ìgbà wo la máa lọ wo ibẹ̀, Bàbá?”