Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ Níwájú Ọlọ́pàá: Àyẹ̀wò Ìwé Michael Morton

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé Yorùbá, kì í sì í ṣe ìwé Lárúbáwá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Michael Morton, ará Texas ní Amẹ́ríkà, fi kọ ọ́, ọdún 2014 ni ó sì jáde. Getting Life ni ó pe orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ méjì ni àkọlé náà ní: kí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ènìyàn, àti kí ènìyàn rí ayé rẹ̀ gbà padà. Méjèèjì ni ojú òǹkọ̀wé yìí rí. Ohun tí ó mú wa yẹ̀ ẹ́ wò ni àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó kà á lọ́dọ̀ wa: bí wọ́n bá pa ìyàwó ẹni tàbí ọkọ ẹni, tí ọwọ́ ẹni sì mọ́, ṣé kí a bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ni, àbí kí a pa ẹnu mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1986, Morton pé ẹni ọdún 32. Òun, Christine ìyàwó rẹ̀, àti ọmọkùnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3 jáde lọ jẹun. Nígbà tí wọ́n padà délé, oorun gbé ìyàwó lọ, inú ọkọ kò sì dùn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, ó kọ ìwé pélébé kan, ó fi í sí ilé ìwẹ̀. Ó sọ ohun tí ó dùn ún, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ parí rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi padà wálé, ọlọ́pàá ti kún ilé. Ẹnì kan ti lu Christine pa lórí ibùsùn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Wọ́n sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Kò dákẹ́, kò sì béèrè lọ́yà. Ohun gbogbo tí wọ́n bi í ni ó dáhùn, nítorí ó gbà pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kò ní nǹkan tí yóò fi pamọ́. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi mú un. Ní oṣù kejì ọdún 1987, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un.

Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n gbà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n lójú tiwa, wákàtí díẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ó yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ kà jù. Ìwé pélébé inú ilé ìwẹ̀ di ìdí tí ó fi pa aya rẹ̀. Fíìmù tí kò bójú mu tí ó yá wò láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn (a kò yìn ín fún ìyẹn o) di ẹ̀rí pé ìkà ni. Dókítà tí ó yẹ òkú wò sọ pé oúnjẹ tó wà nínú ikùn olóògbé fi hàn pé òru ni ó kú, nígbà tí ọkọ ṣì wà nílé. Àwọn aládùúgbò pàápàá ní ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìnkú, ó gé òdòdó tí ìyàwó rẹ̀ gbìn. Àwa náà mọ irú ojú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Bí opó kò bá sunkún tó, wọn á ní ó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá sunkún jù, wọn á ní ẹkún ẹ̀tàn ni.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 3 náà. Ọmọ yìí wà nílé nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé abàmì kan ni ó lu ìyá òun, pé bàbá òun kò sí nílé. Ìyá àgbà kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Aládùúgbò kan náà sọ pé òun rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ó ń rìn kiri lẹ́yìn ilé wọn. Ìyẹn náà wà nínú fáìlì. Lọ́yà Morton kò rí ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyí nígbà ìgbẹ́jọ́.

Aṣọ ìwérí kan tí arákùnrin Christine rí lẹ́yìn ilé ni ó wá yanjú ọ̀rọ̀. Ó di ọdún 2011 kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Christine wà lára rẹ̀ pẹ̀lú àmì ara ọkùnrin mìíràn. Ẹni tí ó bá ti ka Súrà Yúsúfù yóò rántí ẹ̀wù tí ó ya lẹ́yìn: aṣọ ni ó gbè é, síbẹ̀ ó ṣẹ̀wọ̀n. Morton jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, lẹ́yìn ọdún 25 tí ó dín díẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ dá apààyàn náà lẹ́bi. Lọ́dún kan náà, wọ́n rán agbẹjọ́rò ìjọba tí ó ṣe ẹjọ́ náà ní ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10, ó sì pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré.

Ìwé náà ní àléébù. Ẹnu ẹnì kan ni a ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà ti kú kí òtítọ́ tó jáde, kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n Morton kò sọ ara rẹ̀ di ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi gbogbo ìwé ṣépè. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì le.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kà á tán, wọ́n ní: “Ẹ ò rí i? Kéèyàn má bá ọlọ́pàá sọ nǹkankan rárá.” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó pa Christine kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1988 ó pa obìnrin mìíràn nílùú Austin, ọdún 2016 ni wọ́n tó dá a lẹ́bi èyí. Bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́, apààyàn ni ó jèrè. Kì í ṣe pé ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ni ó burú. Ọlọ́pàá nìkan ni ó sọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ tí a bá sì sọ fún ọlọ́pàá nìkan, ọlọ́pàá nìkan ni ó ni ín. Kí ọkọ tàbí aya sọ ohun tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tirẹ̀ wà ní ìjókòó, kí ẹni náà gbọ́ ọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹni tí a fura sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa fúnra wa. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, wọ́n pa ọkọ arábìnrin kan lóru ní àdúgbò wa. Tésàn ránṣẹ́ pè é. Àwa ni ó wá bá, àwa ni a sì sọ fún un pé kí ó lọ, pé olóòótọ́ kì í bẹ̀rù. Òun nìkan ni ó wọlé. Ìta ni a jókòó sí. Yorùbá ni ó sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì tẹ̀ka sí i. Ohun tí wọ́n kọ pé ó sọ kì í ṣe ohun tí ó sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò ní àtìmọ́lé kí a tó rí lọ́yà tí ó gba bélì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà, tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn, bá jíròrò. Ẹnikẹ́ni! Olùkọ́ ilé kéwú náà wà nínú rẹ̀, àwa tí a jókòó síta.

Nígbà tí a ka ìwé Morton tán, a lọ bá arábìnrin náà, a sì túmọ̀ abala òfin yẹn fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Áfà, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ni?”