Ilẹ̀kùn Idẹ Wittenberg: Ta Ló Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Bí ilé bá ń sọ̀rọ̀, ó yẹ ká lè bi í pé èdè wo ló ń sọ, ta ló sì ń sọ ọ́ fún. Ìbéèrè tí mo gbé lọ sí Schlosskirche nìyẹn, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ààfin tó wà ní ìlú Wittenberg ní Jámánì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi lọ́jọ́sí mọ̀ pé n kì í rí ọ̀rọ̀ lára ògiri kí n kọjá lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì náà dára, ó tóbi, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1517, Martin Luther kan kókó ọ̀rọ̀ 95 mọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀ láti fi tako òwò ìwé ìdáríjì. Ṣé ó fi òòlù kàn án lóòótọ́ ṣá? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e. Láti ọdún 1961 ni Erwin Iserloh ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Melanchthon tó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Luther kò tíì dé Wittenberg lọ́dún 1517. Ọdún 1518 ló débẹ̀. Lẹ́tà tí Luther kọ sí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, lọ́jọ́ kan náà ló dájú. Ilẹ̀kùn onígi ìgbà náà kò sí mọ́, iná jó o lọ́dún 1760 nígbà Ogun Ọdún Méje. Èyí tí à ń wò lónìí, idẹ ni. Friedrich Wilhelm Kẹrin, ọba Prussia, ló fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1858. Gbogbo kókó 95 náà wà lára ẹ̀, ní èdè Látìnì.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1517, Látìnì bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ṣọ́ọ̀ṣì yunifásítì ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe, ilẹ̀kùn náà sì ni pátákó ìkéde wọn. Olùkọ́ ni Luther, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń pè síjà ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí pátákó ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka wa, tí gbogbo yín máa ń dúró tì bí èsì ìdánwò bá jáde? Irú ẹ̀ náà ni. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ń wá ẹni tó máa fèsì. Èyí tí wọ́n kọ sára idẹ, ta ni ó fèsì sí i? Fún bí ìlàjì wákàtí tí mo fi dúró níbẹ̀, fọ́tò ni kálukú ń yà. N kò rí ẹyọ ẹnì kan tó kà á.

Ẹ wá gbójú sókè wo ilé ìṣọ́ rẹ̀, tó ga tó mítà 88. Ìbẹ̀rẹ̀ orin ìsìn Luther tó lókìkí jù ni wọ́n kọ yí i ká lókè lọ́hùn-ún, ní èdè Jámánì. Èdè tí aráàlú gbọ́ ni wọ́n gbé sókè, tó jẹ́ pé ọrùn á máa dun èèyàn kó tó kà á. Èyí tí wọn kò gbọ́ ló wà ní ọ̀gangan ojú wọn.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó sọ Luther di Luther lójú onímọ̀ èdè, iṣẹ́ ìtumọ̀ ni. Ní ilé olódi Wartburg tó fara pa mọ́ sí, bí ọ̀sẹ̀ 11 péré ló fi túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Wittenberg ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1522. Kó tó di ìparí ọdún, wọ́n tún un tẹ̀. Odindi Bíbélì jáde lọ́dún 1534. Nínú lẹ́tà tó kọ nípa ìtumọ̀ lọ́dún 1530, ó ní kí atúmọ̀ lọ bi ìyá nínú ilé, ọmọdé ní títì, àti èèyàn lásán lọ́jà, kó máa wo ẹnu wọn. N kò tíì rí ìmọ̀ràn tó sàn ju ìyẹn lọ. Ibojì rẹ̀ wà lábẹ́ àga ìwàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò ní aṣehàn kankan. Ìyẹn wù mí ju ilẹ̀kùn lọ.

Mo tún rin ìrìn díẹ̀ dé Stadtkirche, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tí Luther ti ń wàásù. Lókè ara ògiri rẹ̀, ère kan wà láti nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, tó fi àwọn Júù hàn níbi tí wọ́n ti ń mu ọmú abo ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀, inú ìwé èébú tí Luther fúnra ẹ̀ kọ sí àwọn Júù lọ́dún 1543 ni wọ́n ti mú un. Ẹnu kan náà! Lọ́dún 1988, ìjọ náà tẹ́ ohun ìrántí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ère yẹn fún àwọn Júù tí wọ́n pa. Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ gíga Jámánì ní kí ère náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì ń dun àwọn kan, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹnì kan ti fèsì níbẹ̀. Ilẹ̀kùn idẹ kò gba èsì kankan.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá o. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1843, èyí tó tẹ̀ lé e ní 1852 kún fún òwe. Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, odindi Bíbélì ní 1884. David Hinderer, ọmọ Jámánì tó wá fi Ìbàdàn ṣe ilé ní 1853, wà lára àwọn tó bá èdè wa ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ́tí sí ẹnu ìyá, wọ́n sì fi lé wa lọ́wọ́. Lónìí, mélòó nínú ọmọ ìjọ wa ló lè ka ẹsẹ kan pẹ̀lú ohùn tó péye? Bíbélì Yorùbá ti ń di idẹ lójú wa: à ń nù ún, à ń gbé e lé tábìlì, à ń yà á ní fọ́tò.

Ẹ ṣí i lálẹ́ òní, kí ẹ kà á sókè fún ọmọ yín. Bó bá bi yín pé kí ni ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, ẹ má ṣe ní kó dákẹ́.