Jìháàdì àti Krùséèdì: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ogun Nínú Èdè Ẹ̀sìn ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìfáárà

Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alásàlátù àti pósítà ìsọjí àwọn ìjọ Kristẹni. Bí a bá ti ibẹ̀ rìn dé Bàrígà, a óò rí pósítà wáàsí àti ti krùséèdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára ògiri. Orúkọ ogun ni krùséèdì: ogun tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù gbé dìde ní ọdún 1095 láti gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Síbẹ̀, àyà ẹnikẹ́ni kì í já bí ó bá kà á lára ògiri; ìpàdé àdúrà ìta gbangba ni a mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí àáfà kan bá ní kí á tẹ ọ̀rọ̀ náà, jìháàdì, gàdàgbà sórí pósítà wáàsí òun, ǹjẹ́ atẹ̀wé kò ní í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ ogun kan fi rọ̀ lẹ́nu wa tí èkejì fi le. Èrò wa ni pé ìtumọ̀ inú ìwé nìkan kò tó láti fi dá jìháàdì láre tàbí lẹ́bi. Ẹni tí a bá pè ní ọ̀tá ni ó yẹ kí á máa wò.

Ìtumọ̀ Inú Ìwé

Bí a bá tú jìháàdì palẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá, akitiyan ni a óò bá nídìí rẹ̀: kí ènìyàn sa gbogbo ipá rẹ̀ lórí ohun kan. Ọ̀rọ̀ mìíràn, kitáàlì, ni èdè náà ní fún ìjà gan-an. Sùúrà 25, ẹsẹ 52, tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Mẹ́kà, pàṣẹ pé kí Ànọ́bì fi Àlùkùráánì ṣe jìháàdì ńlá sí àwọn aláìgbàgbọ́. Ní àkókò náà, a kò tíì yọ̀ǹda ìjà fún àwọn Mùsùlùmí. Inú Sùúrà 22, ẹsẹ 39, ni ìyọ̀ǹda náà wà, àwọn tí a gbógun tì tí a sì fìyà jẹ ni a sì fi fún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ogun nìkan ni jìháàdì ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

Ṣùgbọ́n àsọdùn kejì wà. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń sọ pé bíbá ọkàn ara ẹni jà nìkan ni jìháàdì. Hàdíìsì tí ó pín jìháàdì sí kékeré àti ńlá ni wọ́n sábà ń gbé kalẹ̀. Àwọn àáfà onísúúfí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bí i Ibn Taymiyya sọ pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bákan náà, àwọn ìwé òfin Ìsìláàmù ní orí tí ó dá lé jìháàdì gẹ́gẹ́ bí ogun: ẹni tí ó lè pè é, àti àwọn tí a kò gbọdọ̀ pa, bí i obìnrin àti ọmọdé. Ẹni tí ó bá ní ogun kò sí níbẹ̀ rárá ti gba òfin wọ̀nyí lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni ó yẹ kí á fi dá apànìyàn lẹ́kun.

Ìtumọ̀ Inú Ìrántí

Ìrántí náà máa ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Ní ọdún 1804, Usman dan Fodio gbé jìháàdì dìde ní ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí ogun náà dé Bornu, Muhammad al-Kanemi, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ Ìsìláàmù, kọ lẹ́tà láti bèèrè ìdí tí a fi ń bá Mùsùlùmí jà ní orúkọ Ìsìláàmù. Muhammad Bello, ọmọ dan Fodio, dá a lóhùn, ó sì kó àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé rẹ̀, Infaq al-Maysur. Àríwísí lórí jìháàdì, nígbà náà, kì í ṣe ohun tí àwọn Òyìnbó kó wá. Inú ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìlọrin ni ìrántí náà rọ̀ mọ́. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, gba ìrànlọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí láti fi kọjú ìjà sí Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ ogun yìí kan náà ni ó pa á ní nǹkan bí ọdún 1824. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, sì di ẹ́míà. Ṣọ̀lágbẹrú, Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kò gba Afọ̀njá sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Abdulsalam pa òun náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni ogun náà dá lé, kí ni Ṣọ̀lágbẹrú ṣẹ̀?

Ní ayé tiwa, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Boko Haram, tí ó dìde ogun ní ọdún 2009, fi jìháàdì sínú orúkọ tí ó fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti pa ni ó jẹ́ Mùsùlùmí. Ìbéèrè al-Kanemi tún padà dé. Gbogbo èyí ni atẹ̀wé Ṣómólú ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Krùséèdì kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ní Kánò, ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ lórí krùséèdì tí Reinhard Bonnke, ajíhìnrere ọmọ Jámánì, fẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ ní Bàrígà le ní Kánò.

Ìpìlẹ̀ Kì í Ṣe Wèrè

Agbawèrèmẹ́sìn ni Yorùbá ń pe àwọn tí ẹ̀sìn le lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún wọn jáde láti inú àwọn ìwé pélébé kan, The Fundamentals, tí àwọn Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1910 àti 1915. Ìpìlẹ̀ ni ó túmọ̀ sí. Ọ̀dọ́ tí ó bá sọ pé àdádáálẹ̀ ni orin ajísààrì, pé kò sí nínú súnnà, ìpìlẹ̀ ni ó ń wá. A lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kò gbógun ti ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tí ó ti ibi ìpìlẹ̀ fò sínú ìpànìyàn. Ní Íjíbítì, Muhammad Abd al-Salam Faraj kọ̀wé pé jìháàdì ni ọ̀ranyàn tí àwọn Mùsùlùmí ti pa tì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pa Ààrẹ Sadat ní ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 1981. Kì í ṣe pé orí Faraj dàrú. Àlàyé ni ó ṣe, àlàyé náà sì ni Mufti Jad al-Haqq fi dá a lóhùn. Bí a bá kàn pè é ní wèrè, a ti sá fún iyàn tí ó yẹ kí á jà.

Ìkádìí

A kò dábàá pé kí á lé ọ̀rọ̀ ogun kúrò nínú èdè ẹ̀sìn. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni ó ń gbàdúrà ìṣẹ́gun lórí ogun ìdílé. Ohun tí a dábàá ni pé kí aṣelámèyítọ́ máa bi wáàsí àti ìwàásù ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó pe ogun náà? Ta ni ọ̀tá? Ìgbà wo ni yóò parí? Bí ọ̀tá bá jẹ́ ojúkòkòrò olùgbọ́ fúnra rẹ̀, akitiyan ni. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ogun náà kò sì ní òpin, a kò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ rírọ̀ bo ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ìtumọ̀, ìjàkadì yá wa lára ju ogun ẹ̀sìn tàbí ìgbìyànjú lọ. Akitiyan àti ìjà ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní òfin, ó sì máa ń parí nígbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀. Èyí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé ilé kan náà, wọ́n sì ń jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀tá tí oníwàásù bá dárúkọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ ọ.